Tàdáwà Dúdú, Igbó Tútù: Ohun tí Ayàwòrán Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó Lè Kọ́ Lára Àwọn Ọ̀mọ̀wé Ṣáínà

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn ayàwòrán òde òní ṣe ń fi tàdáwà ya ojú-ilẹ̀, òkè àti omi, nípa àṣà tí àwọn ọ̀mọ̀wé Ṣáínà fi lélẹ̀ láyé àtijọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò máa bi ara wọn pé kí ló kan Ọ̀rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ Ṣáínà. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni ìdáhùn ìbéèrè yẹn. Igbó Odígbó ń tán lọ lójú wa, àwòrán rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wa kò sì tó nǹkan. Àwọn ará Ṣáínà ti fi tàdáwà, búrọ́ọ̀ṣì àti tákàdá ya ilẹ̀ wọn fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe é ṣeé kọ́. Ohun èlò rẹ̀ sì wà ní àyíká wa níbí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ènìyàn tí àwọn ọ̀mọ̀wé náà jẹ́. Ní Ṣáínà àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ di òṣìṣẹ́ ọba pàtàkì sábà máa ń ní láti yege nínú ìdánwò. Ìmọ̀ ìwé ni wọ́n ń dán wò: àwọn ìwé àgbà, ewì, àròkọ. Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń kọ̀wé níbẹ̀, nítorí náà láti kékeré lọwọ́ wọn ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí irú wọn bá fẹ́ yàwòrán, búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi kọ lẹ́tà láàárọ̀ náà ni wọ́n tún ń mú. Wọn kì í ṣe oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń yàwòrán jẹun, ó kéré tán, wọn kò fẹ́ kí á kà wọ́n mọ́ irú wọn. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń yà á fún, tàbí kí wọ́n yà á láti fi rántí ibi tí wọ́n ti gbé rí. Tí wọ́n bá yà á tán, wọ́n a kọ ewì sí igun rẹ̀, wọ́n a sì tẹ òǹtẹ̀ pupa lé e. Ẹni tí àwòrán náà bá bọ́ sí lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú lè kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i, kí ó tẹ òǹtẹ̀ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán kan ṣe máa ń kó ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ, láti ìran dé ìran.

Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Su Shi, tí wọ́n tún ń pè ní Su Dongpo. A bí i ní 1037, ó sì kú ní 1101. Akéwì ni, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ọ̀gá sì ni nínú kíkọ ìwé pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ sọ pé ó fi ewì bú ìjọba, wọ́n sì lé e lọ sí Huangzhou ní 1080. Ní 1097, wọ́n tún lé e dé erékùṣù Hainan, tó jìnnà réré sí ààfin. Su Shi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bíi Mi Fu tí a bí ní 1051, ni wọ́n fi ìdí èrò kan múlẹ̀: pé ẹni tó bá fi jíjọ nìkan díwọ̀n àwòrán kò tíì mọ àwòrán wò. Ohun tó yẹ kí ayàwòrán lé ni ẹ̀mí ibẹ̀ àti ìwà ẹni tó mú búrọ́ọ̀ṣì.

Èrò yìí kò ṣàjèjì sí àwọn bàbá wa. Nígbà tí Robert Farris Thompson, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà Yorùbá, wá sí ilẹ̀ wa ní àwọn ọdún 1960, ó lọ láti abúlé dé abúlé, ó ń bi àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti àwọn àgbà léèrè ohun tí wọ́n fi ń mọ ère tó dára. Lára ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé ère kò gbọdọ̀ jọ ènìyàn jù, kò sì gbọdọ̀ ṣàìjọ ènìyàn. Àárín ni ẹwà wà. Kò sẹ́ni tó ka ìwé Su Shi létí àwọn àgbà wọ̀nyẹn. Àwọn náà rò ó débẹ̀ fúnra wọn ni.

Ní ti ohun èlò, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni agbára iṣẹ́ náà wà. Èéfín ni wọ́n fi ń ṣe tàdáwà Ṣáínà. Wọ́n a jó igi ahóyaya kan tí òyìnbó ń pè ní pine, tàbí kí wọ́n fi òróró jó fìtílà, wọ́n a sì gba dúdú tí èéfín rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ abọ́. Wọ́n a po dúdú yìí pọ̀ mọ́ lẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi awọ ẹran sè, wọ́n a lù ú, wọ́n a tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí kékeré, wọ́n a sì sá a títí yóò fi gbẹ koránkorán. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lò ó, wọ́n a bu omi díẹ̀ sórí òkúta, wọ́n a máa lọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́. Ìwọ̀n omi tí wọ́n bù ló ń sọ irú dúdú tí yóò jẹ́. Omi kékeré ń fúnni ní dúdú bí àjókù. Omi púpọ̀ ń fúnni ní eérú tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí. Wọ́n gbà pé tàdáwà kan ṣoṣo ní àwọ̀ márùn-ún nínú.

Tákàdá wọn kò sì dà bí èyí tí a fi ń tẹ ìwé ìròyìn. Èyí tó lókìkí jù ni tákàdá Xuan, tí wọ́n ń ṣe ní àgbègbè Jing ní ìpínlẹ̀ Anhui. Èèpo igi kan àti koríko ìrẹsì ni wọ́n fi ń ṣe é, UNESCO sì fi iṣẹ́ ọwọ́ náà sínú àkọsílẹ̀ ogún aráyé ní 2009. Tákàdá yìí ń mu omi. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá kàn án báyìí, ó ti gbà á mì. Ẹni tó ń yàwòrán lórí rẹ̀ kò lè pa á rẹ́, kò lè fi òmíràn bò ó. Ohun tó bá wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ni yóò wà níbẹ̀ títí láé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé àwòrán ń tú àṣírí ìwà ẹni.

Àwòrán kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ ilé-ìwé tó wà níbí mọ ìtàn rẹ̀. Ẹni tó yà á ni Huang Gongwang. A bí i ní 1269, ọdún mẹ́wàá ṣáájú kí àwọn ará Mọ̀ngólíà tó gba gbogbo ilẹ̀ Ṣáínà. Ó ti ṣe iṣẹ́ ìjọba rí, ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Ọjọ́ ogbó rẹ̀ ló tó lọ ń gbé lẹ́bàá òkè Fuchun, nítòsí Hangzhou. Ó ti ń súnmọ́ ọgọ́rin ọdún nígbà tó bẹ̀rẹ̀ àwòrán gígùn kan nípa òkè àti odò ibẹ̀, fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Kò yà á lọ́jọ́ kan. Àwòrán náà ń bá a lọ káàkiri fún ọdún bíi mélòó kan. Bí nǹkan bá wọ̀ ọ́ lójú, a ṣí i, a fi kún un. Ní nǹkan bí 1350 ló kọ ọ̀rọ̀ ìparí sí i.

Ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1650, ọlọ́rọ̀ tó ni í nígbà náà wà lórí ibùsùn ikú. Ó fẹ́ràn àwòrán náà débi pé ó ní kí wọ́n jó o kí ó lè bá òun lọ. Wọ́n jù ú sínú iná. Ọmọ ẹbí rẹ̀ kan ló sáré yọ ọ́, ṣùgbọ́n iná ti já a sí méjì. Apá kékeré wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Zhejiang ní Hangzhou lónìí, apá gígùn sì wà ní Taipei, ní Taiwan. Òkun àti ọ̀rọ̀ òṣèlú wà láàárín àwọn méjèèjì. Ọdún 2011 ni wọ́n tó gbé wọn sójú kan náà ní Taipei kí àwọn ènìyàn lè wò wọ́n pọ̀.

Kò sí wúrà nínú àwòrán yẹn, kò sí ọba, kò sí ogun. Òkè, igi, omi, àwọn apẹja díẹ̀, ilé kéékèèké. Ilẹ̀ tí ọkùnrin arúgbó kan mọ̀ dáadáa ni, ó sì yà á pẹ̀lú sùúrù. Ohun tí gbogbo Ṣáínà ń sunkún lé lórí nìyẹn.

Ilẹ̀ tí kò lókè

Ẹnìkan lè sọ pé òkè ni àwọn wọ̀nyí ń yà, Ọ̀rẹ̀ kò sì lókè. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ òkè nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ìdànrè ni yóò lọ, kò sì sí ayàwòrán tàdáwà tí Òkè Ìdànrè kò ní fún níṣẹ́ ṣe. Àpáta rẹ̀ dúdú, ó ga, ìkùukùu ń rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn láàárọ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé iye àwọn tó ti fi kámẹ́rà yà á pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó jókòó tì í pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n Odígbó la wà yìí, ilẹ̀ igbó ni.

Guo Xi, tó ya àwòrán òkìkí nì, *Ìbẹ̀rẹ̀ Ìrúwé*, ní 1072, kọ́ àwọn ènìyàn pé ọ̀nà mẹ́ta ni ayàwòrán lè gbà fi jíjìnnà hàn. O lè dúró nísàlẹ̀ kí o wo òkè lọ. O lè dúró níwájú òkè kí o wọ inú rẹ̀ lọ, láti ẹ̀yìn igi dé ẹ̀yìn igi. O sì lè dúró síbi tó tẹ́jú kí o wo òkèèrè títí ilẹ̀ yóò fi di àlá. Àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yìí, tiwa ni wọ́n. Ẹni tó bá wọ inú igbó Olúwa ní Odígbó yìí láàárọ̀ kùtùkùtù mọ bí igi àkọ́kọ́ ṣe ń dúdú, tí ìkejì ń rí bí eérú, tí ìkẹta fi ń di òjìji, tí ìyókù wá di funfun kùrukùru. Tàdáwà àti omi lásán ló lè ya nǹkan yẹn bó ṣe rí. Ọ̀dà òyìnbó olóròóró yóò wúwo jù fún un. Nígbà ọyẹ́, ẹni tó dúró lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ sí Oǹdó rí ọ̀nà kẹta: ọ̀pẹ tó dúró kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn wọn ilẹ̀ kòkó, lẹ́yìn ilẹ̀ kòkó eruku tó ti gba ojú ọ̀run.

Ọ̀gá kan tún wà tí mo máa ń ronú kàn bí mo bá gbọ́ orúkọ Agbabu. Ni Zan ni orúkọ rẹ̀, 1301 sí 1374. Olówó ni látilẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ìlú dàrú ó fi ohun ìní sílẹ̀, ó ń gbé inú ọkọ̀ ojú omi ní àyíká adágún Tai. Àwòrán rẹ̀ kò ní ju igi mélòó kan nítòsí, omi gbalasa láàárín tí kò fi búrọ́ọ̀ṣì kàn rárá, àti òkè kúkúrú lókèèrè. Kò ní ènìyàn nínú. Ní 1345 ó ya igi mẹ́fà tó dúró ní bèbè omi, Huang Gongwang tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sì kọ ewì sí i, ó fi àwọn igi náà wé ọkùnrin mẹ́fà tí wọ́n dúró ṣinṣin. Ẹ lọ sí Agbabu, níbi tí odò Olúwa ti ń lọ bá ọ̀sà. Ẹ wo omi yẹn, ẹ wo igi tó tẹ̀ sórí rẹ̀. Gbogbo ohun tí Ni Zan nílò wà níbẹ̀. Omi náà, kí ayàwòrán má fọwọ́ kàn án. Funfun tákàdá ni omi.

Àwọn tó ń ṣe é lónìí

Kí á má rò pé ọ̀rọ̀ òkú ni mo ń sọ. Láti oṣù December 2013 di April 2014, ilé ọnà Metropolitan ní New York ṣe àfihàn ńlá fún àwọn ará Ṣáínà òde òní tó ń lo ọgbọ́n tàdáwà, àwọn ènìyàn sì rí i pé àṣà náà ti gba oríṣiríṣi ọ̀nà. Ṣáájú ìyẹn, ní àwọn ọdún 1960, Liu Guosong ní Taiwan ti ń lo tákàdá tí òwú igi wà lójú rẹ̀. Bó bá fi tàdáwà kùn ún tán, a fa àwọn òwú náà tu, ilà funfun a sì kù sójú àwòrán bí ẹni pé yìnyín bo òkè.

Xu Bing ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ fọkàn sí jù. A bí i ní 1955. Ní 1999 ó lọ sí Nepal, ó jókòó síwájú àwọn òkè ibẹ̀, ó sì ń yà wọ́n lọ́nà kan tó yani lẹ́nu: ibi tí òkúta bá wà, ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ òkúta ló kọ síbẹ̀, ibi tí igi bá wà, ó kọ igi, léraléra, títí ìwé náà fi di àwòrán. Ìwé kíkọ àti àwòrán di ohun kan náà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó ti rí lọ́wọ́ Su Shi. Ní 2004, ní Berlin, ó tún ṣe òmíràn. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan níbẹ̀ ti pàdánù ọ̀pọ̀ àwòrán nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Xu Bing gbé dígí tí ojú rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ kalẹ̀, ó tan iná sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó dúró níwájú rí òkè, ìkùukùu àti igi, ó dà bí àwòrán tàdáwà àtijọ́. Bí o bá yí lọ sẹ́yìn, ẹ̀ka igi gbígbẹ, bébà tó ti rún, òwú àti pàǹtírí ni ó lẹ̀ mọ́ dígí náà. Òjìji wọn ló di òkè.

Yang Yongliang, ará Shanghai tí a bí ní 1980, kò tiẹ̀ fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì nínú iṣẹ́ tí ó fi lókìkí. Fọ́tò ilé àwòṣífìlà àti àwọn ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń kọ́lé ló ń tò pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Láti òkèèrè, òkè Ṣáínà àtijọ́ ni. Bí o bá súnmọ́ ọn, irin àti kọnkéré ni. Ó ń sọ fún àwọn ará ìlú rẹ̀ pé ohun tí a fi rọ́pò òkè nìyí. Mo bi ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ọ̀rẹ̀ pé kí ni ẹ̀yin yóò tò pọ̀? Ọkọ̀ àjàgbé tó to gẹdú jọ lójú ọ̀nà Èkó sí Benin. Àwọn ilé ìlagi àti òkìtì lẹ́búlẹ́bú igi tó wà lẹ́yìn wọn. Bọ́ọ̀sì ńláńlá tó dúró kí èrò jẹun. Wọ́n ti di ojú-ilẹ̀ wa, a kò sì gbọdọ̀ yàwòrán bí ẹni pé wọn kò sí.

Ti ilé

Nàìjíríà ti ní ẹni tó gba ọ̀nà yìí kọjá. Obiora Udechukwu ni, ọmọ Igbo, a bí i ní Onitsha ní 1946. Láti mọ ohun tó ṣe, ẹ ní láti kọ́kọ́ mọ uli. Láyé àtijọ́, àwọn obìnrin Igbo a fún oje èso igi, wọ́n a fi ya ilà tín-ín-rín sí ara, a máa dúdú, a sì parẹ́ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n tún máa ń fi erùpẹ̀ aláwọ̀ yà á sára ògiri. Ilà kò pọ̀ nínú uli. Àyè tó ṣófo ló pọ̀. Uche Okeke, tó wà lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ọnà Zaria láàárín 1958 sí 1961, kọ́ uli lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì kó o wá sí Yunifásítì Nsukka lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Udechukwu jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, lẹ́yìn náà ó di olùkọ́. Bó ṣe ń wo uli ló tún ń wo bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ̀wé tí wọ́n sì fi ń yàwòrán. Ó rí i pé wọ́n jọ gbọ́ ara wọn yé: ilà kan tó tọ́, àti àyè funfun tó ń mí. Akéwì ni pẹ̀lú, ó tẹ ìwé ewì jáde. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ń wí? Akéwì tó ń fi tàdáwà yàwòrán. Irú ènìyàn tí Su Shi jẹ́ nìyẹn, ní ilẹ̀ wa, ní ayé wa. Iṣẹ́ rẹ̀ *Our Journey* ti 1993, tí ó fi tàdáwà àti ọ̀dà ṣe lórí kánfáàsì alápá mẹ́rin, wà ní ilé ọnà Hood ní Amẹ́ríkà. Láti 1997 dé 1998, ilé ọnà Áfíríkà ti Smithsonian ní Washington ṣe àfihàn fún òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nsukka.

Ohun kan so Udechukwu mọ́ ìlú yìí. Rògbòdìyàn tó lé e kúrò ní ilé-ìwé tó kọ́kọ́ wọ̀ ní Zaria ló di ogun tó dé Ọ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1967 àwọn ọmọ ogun Biafra kọjá odò Ọya, wọ́n gba Benin, wọ́n sì wọ ìlú yìí kí wọ́n tó lé wọn padà. Àwọn àgbà tó wà níjókòó kò nílò kí n sọ fún wọn bí ìjà Ọ̀rẹ̀ ṣe le tó. Nígbà tí Udechukwu bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilà díẹ̀ ya àwọn tí ogun lé kúrò nílé, tí wọ́n gbé ẹrù lórí, ọ̀rọ̀ wa ló ń yà pẹ̀lú.

Ó dùn mí pé Yorùbá kò tíì ṣe tiwa tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ohun tó jọ uli. A ní bùjé, oje èso dúdú tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe oge sára. Àwọn àgbà ní bùjé kì í kọjá isán, àwa náà sì ti jẹ́ kí ó parẹ́ lóòótọ́. A ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ yà. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú un, ibẹ̀ ni yóò funfun. Nínú aṣọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sí i. Àwòrán ìlú ni, a sì ń ró o mọ́ra. Ní 1989, Moyo Okediji, Kunle Filani, Bolaji Campbell, Tunde Nasiru àti Tola Wewe, ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, dá ẹgbẹ́ Ọ̀nà sílẹ̀ láti inú ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ní Ifẹ̀. Okediji tọ àwọn ìyá tó ń ya ògiri ojúbọ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ, ó sì lo erùpẹ̀ ilẹ̀ wa gẹ́gẹ́ bí ọ̀dà. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ojú-ilẹ̀ fúnra rẹ̀, igbó gẹ́gẹ́ bí igbó, kò tíì ní àwọn tirẹ̀ tó bó ti yẹ.

Àwọn òǹkọ̀wé ló ti ṣe é jù wá lọ. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó tó múlé ti Odígbó, kọ *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* jáde ní 1938. Igbó tó wà nínú ìwé náà, irú igbó wa yìí ni. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní 1968, Bruce Onobrakpeya, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Zaria, ló ya àwòrán sí i. Ẹ wo bó ṣe rí: òǹkọ̀wé láti ẹ̀bá ilé wa, ayàwòrán ọmọ Urhobo, wọ́n pàdé nínú igbó kan náà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí níbi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀, ìwé yẹn ni n ó gbé fún un.

Ohun èlò tó wà nílẹ̀

Mo ti sọ pé ohun èlò wà. Tàdáwà kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Àwọn àlùfáà wa ń pò ó kí òyìnbó tó dé, wọ́n ń fi kálámù kọ ọ́ sára wàláà, wọ́n ń fọ wàláà náà, omi rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní hàntú. Àwọn ọmọ kéwú tó wà ní Ọ̀rẹ̀ lónìí mọ ohun tí mo ń sọ. Epo pupa àti àdín pọ̀ níbí. Ẹni tó bá fi èyíkéyìí nínú wọn tan fìtílà, tí ó sì da abọ́ amọ̀ bò ó lókè díẹ̀, yóò rí dúdú gbà. Oje igi tàbí lẹ̀ẹ́ awọ ẹran ni yóò fi dì í. Mo ní kí á má lo ọ̀dà ilẹ̀ Agbabu, tí a ti mọ̀ nípa rẹ̀ láti nǹkan bí 1910. Dúdú ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ayàwòrán Yúróòpù dán irú rẹ̀ wò nínú ọ̀dà wọn, iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe sì sán nígbẹ̀yìn.

Ní ti tákàdá, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí ọmọ Odígbó mọ̀. Ìdí tí wọ́n fi gbin igi Gmelina sí igbó Olúwa lọ salalu ni pé kí á fi ṣe bébà. Ilé iṣẹ́ bébà Iwopin, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni wọ́n fẹ́ máa kó o lọ. Igi láti Éṣíà ni Gmelina. Ó dàgbà, bébà tí a ń retí kò wá. Nítorí náà ilé-ìwé kan lè bẹ̀rẹ̀ níwọ̀nba: kí wọ́n gé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti bẹ́ orí rẹ̀, kí wọ́n sè é pẹ̀lú omi eérú títí yóò fi rọ̀, kí wọ́n gún un, kí wọ́n fi asẹ́ gbé e, kí wọ́n sá a. Kò ní dán bíi ti ilé ìtẹ̀wé. Yóò mu tàdáwà, ìyẹn ló ṣe pàtàkì.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí a bá kọ́ ti Ṣáínà, a ó di aláfarawé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ya igi pine Ṣáínà sórí tákàdá ní Ọ̀rẹ̀, aláfarawé ni, kò sí àní-àní. Ẹni tó bá kọ́ sùúrù wọn, tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo omi, tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ewì sí igun àwòrán, tó wá ya ìrókò pẹ̀lú wọn, iṣẹ́ Yorùbá ló ṣe. Udechukwu wo Ṣáínà, ó sì túbọ̀ jẹ́ ọmọ Igbo sí i.

Ní 1679, ní Nanjing, wọ́n tẹ ìwé kan jáde tí à ń pè ní ìwé Ọgbà Irúgbìn Mọ́sítáàdì. Ó ń kọ́ni ní yíyà igi láti ìbẹ̀rẹ̀: ìdí igi kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀ka, lẹ́yìn náà ewé, oríṣi ewé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bí búrọ́ọ̀ṣì yóò ṣe gbà á, lẹ́yìn náà òkúta, omi, ilé. Ọ̀pọ̀ ìran ayàwòrán ní Ṣáínà ló kọ́kọ́ la ojú wọn sórí ìwé yẹn. Àwa kò ní irú rẹ̀ fún ìrókò, fún arère, fún afàrà, fún ọ̀gànwó, fún ọmọ, fún àràbà, fún ọ̀pẹ. Kò sí ẹni tó ti sọ fún ọmọdé bí a ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbé ẹ̀gún ara àràbà, tàbí bí imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ń tẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní àwọn ilé-ìwé girama Ọ̀rẹ̀, Odígbó, Ajué àti Araromi-Obu, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Adéyẹmí ní Oǹdó, ìwé yìí ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ jọ ṣe. Kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan mú igi kan tó mọ̀. Kí àwọn ọmọ lọ jókòó tì í, kí àwọn ọdẹ àti àwọn agégẹdú sọ orúkọ rẹ̀ àti ìwà rẹ̀ fún wọn. Kí wọ́n fi tàdáwà tí wọ́n pò fúnra wọn yà á, kí akéwì inú wọn kọ ìlà mẹ́rin sí igun rẹ̀ ní Yorùbá. Kí ìjọba ìbílẹ̀ pèsè àpótí kan sí ilé ìkàwé tí a ó máa kó wọn sí, kí ẹni tó bá wá lẹ́yìn lè fi tirẹ̀ kún un. Ọkọ̀ gẹdú kò dúró dè wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ yìí.